Ìbéèrè tí dókítà bi màmá mi

Ọjọ́rú, lálẹ́.

Aago márùn-ún ìdájí kọjá díẹ̀ ni èmi àti màmá mi ti kúrò nílé. Ẹni tí kò bá tètè dé ilé ìwòsàn ìjọba, ìsàlẹ̀ pátápátá ni káàdì rẹ̀ máa wà, oòrùn á sì ti kan àtàrí kí wọ́n tó pè é. Ọdún kẹta rèé tá a ti ń lọ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn.

Nọ́ọ̀sì so ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá. 168 lórí 102. Ó mirí. "Mama, ẹ ò lo oògùn yín." Wọ́n ní àwọn ń lò ó. Ó yíjú sí mi, mo wolẹ̀, torí èmi náà rò pé wọn ò sòótọ́. Bó ṣe ga lóṣù tó kọjá nìyẹn, bó ṣe ga lóṣù tó ṣáájú rẹ̀ náà nìyẹn, a sì mọ̀ pé tó bá ti ń kọjá 140 lórí 90 léraléra, ewu ń bẹ. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú àbúrò wọn ọkùnrin lọ. Ẹ̀rù yẹn ló ń mú mi pariwo mọ́ wọn nílé, tí mo ń ka hóró oògùn wọn bíi pé ọmọdé ni wọ́n.

Dókítà tuntun la bá lónìí, ọmọbìnrin kan tí mo lè bí lọ́mọ. Ó wo fáìlì, ó mú bírò, ó ti ń kọ oògùn kẹta mọ́ méjì tí wọ́n ń lò. Ló bá dáwọ́ dúró. Ó fa àga rẹ̀ jáde lẹ́yìn tábìlì, ó gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó jókòó.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ bí ọjọ́ yín ṣe máa ń lọ, látìgbà tẹ́ ẹ bá ti jí."

Mo lanu láti dáhùn, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó rọra na ọwọ́ sí mi. "Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí Mama fúnra wọn sọ ọ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń jí, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń mu ẹ̀kọ. Aago mẹ́jọ, wọ́n ti wà ní ìsọ̀ àdìrẹ wọn, ó di aago mẹ́rin kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́. Oògùn funfun kékeré, alaalẹ́ ni wọ́n ń lò ó, wọn ò jẹ́ pa á jẹ. Èyí tó ń múni tọ̀ ńkọ́?

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ká etí ìró wọn mọ́ ìka, wọ́n tú u, wọ́n tún ká a.

"Dókítà, tí mo bá lò ó láàárọ̀, níbo ni kí n ti tọ̀?"

Ilé ìtọ̀ ọjà jìnnà sí ìsọ̀ wọn. Owó ni wọ́n ń san kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, ilẹ̀ rẹ̀ a máa yọ̀, orúnkún wọn ò sì gba ìlóṣòó mọ́. Ta ló máa ṣọ́ ọjà tí wọ́n bá ń lọ nígbà mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún? Torí náà, ọjọ́ ìsinmi nìkan ni wọ́n ń lo oògùn yẹn. "Tòní ńkọ́, Mama?" Wọn ò lò ó. Ṣé orí bẹ́ńṣì ni kí wọ́n tọ̀ sí, nígbà tí àgádágodo wà lẹ́nu ilé ìtọ̀ àwọn aláìsàn?

Ọkàn mi bà jẹ́. Ó já sí pé gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá mi níbẹ̀, oògùn yẹn kò sí lára wọn. Wọ́n kàn ń fi oògùn kún oògùn ni.

Dókítà fa igi lé èyí tó ti kọ. Ó wá ṣàlàyé, ní Yorùbá, pé oògùn náà ló ń mú kí kíndìnrín da iyọ̀ àti omi tó pọ̀ jù sílẹ̀, ìyẹn ló ń di ìtọ̀, ìyẹn náà ló sì ń dẹ ẹ̀jẹ̀ lára. Ó ní kí wọ́n máa lò ó tí wọ́n bá ti tọjà dé, ní aago mẹ́rin, kí ìtọ̀ náà lè lọ sílẹ̀ kí wọ́n tó sùn. "Tí kò bá jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, ẹ padà wá, a máa pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé ó máa rọrùn fún yín bẹ́ẹ̀?" Ọ̀sẹ̀ méjì ló fún wa.

Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo rí èrò tó wà níta, mo sì mọ iye dókítà tó ti gba Ìlú Ọba lọ, mi ò lè dá àwọn tó kù lẹ́bi pé wọ́n ń sáré. Àmọ́ òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí, ti 2014, sọ pé níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n ṣàlàyé fún aláìsàn ní èdè tó gbọ́. Látọdún mẹ́ta, èmi ni wọ́n ń kọjú sí, tí wọ́n ń bá sọ Gẹ̀ẹ́sì, màmá mi á máa wò wá lẹ́nu. Èmi náà ò bi wọ́n pé kí ló dé. Èyí ló dùn mí jù.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà, Arò ni mo ń rò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta wa níbí. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo kò kàn kó àwọn tí ọpọlọ wọn ń dà láàmú há ọgbà. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà síbi tí iná oúnjẹ ń jó. Ọkùnrin yẹn rántí pé aláìsàn ní ibi tó ń padà sí. Màmá mi, ọjà ni wọ́n ń padà sí.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n lò ó lónìí, omi tútù ni wọ́n fi gbé e mì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti lọ tọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní báyìí tí mò ń kọ èyí, wọ́n wà lórí fóònù pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn, mò ń gbọ́ ohùn wọn láti yàrá kejì: "Ó gbé àga tì mí ni, Ìyá Ṣadé. Ó ní kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é lọ́jà."