Mo Fẹsẹ̀ Rin Nínú Ẹ̀là Tó Ń Ṣe Ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Òkun

Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí láti rí òkè gbọọrọ tó la àárín Òkun Àtìláńtíìkì já láti àríwá dé gúúsù. Omi ló bò ó. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ibi tó jìn ju mítà 2,000 lọ, ojú èèyàn kì í sì í débẹ̀ bí kò ṣe nínú ọkọ̀ abẹ́ omi. Íslándì ni ibi tó tóbi jù lọ tí òkè náà ti yọrí jáde sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìdí nìyẹn tí èmi àti àbúrò mi obìnrin, tó ń gbé ní London, fi wọ bàálù lọ síbẹ̀ nínú oṣù Ọ̀wàrà.

Bọ́ọ̀sì kò lò tó wákàtí kan láti Reykjavík, olú ìlú Íslándì, dé Þingvellir. Ibẹ̀ ni àwọn ará Íslándì ti bẹ̀rẹ̀ àpéjọ aṣòfin wọn, Alþingi, ní ọdún 930, ní gbangba, lẹ́bàá ògiri àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Almannagjá. Ògiri yìí gan-an ni mo bá lọ. Ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ láàárín àpáta méjì: ti ìwọ̀-oòrùn ga fíofío, ti ìlà-oòrùn kúrú, ó sì dagun sí ọ̀nà àfonífojì. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo fọwọ́ kan èyí tó ga. Ó tutù, ó rí ṣákaṣàka, ihò wínníwínní tí afẹ́fẹ́ gbóná gbà jáde nígbà tí àpáta náà ṣì ń ṣàn sì kún ara rẹ̀. Ìpele lórí ìpele ni, bí ògiri amọ̀ ilé bàbá bàbá mi. Àpáta yíyọ́ ló ṣàn wá tò wọ́n síbẹ̀ ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Àpáta kan náà ló tẹ́ sí ìsàlẹ̀ àfonífojì tí à ń wò lọ́ọ̀ọ́kán. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn ti bá orí ògiri yìí dọ́gba rí. Jíjábọ́ ló jábọ́.

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé iná abẹ́ ilẹ̀ nìkan ló ń mọ òkè sí ìsàlẹ̀ òkun, pé àpáta yíyọ́ ń tú jáde, ó ń gbára jọ, ó sì ń di òkè. Òótọ́ ni pé àpáta yíyọ́ ló ń pèsè ohun tí wọ́n fi ń mọ òkè náà, ṣùgbọ́n ẹ̀là, ìyẹn ojú ibi tí àpáta ti là, ló ń fún un ní ìrísí. Ní Íslándì, abala èèpo ilẹ̀ ayé tí Àríwá Amẹ́ríkà wà lórí rẹ̀ àti èyí tí Yúróòpù wà lórí rẹ̀ ń fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 jìnnà síra wọn lọ́dún kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀ láti ìgbà àpéjọ àkọ́kọ́, ó ti tó mítà 20. Àpáta yíyọ́ kì í jáde lójoojúmọ́ láti dí àlàfo náà. Nígbà tí kò bá tètè dé, àpáta tó ti gan á là, apá kan rẹ̀ á sì yọ̀ lọ sísàlẹ̀ lójú ẹ̀là tó dagun náà.

Nígbà tí a jókòó jẹun ọ̀sán, àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ kó yé mi.” Búrẹ́dì tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ wà nínú ọ̀rá lórí itan rẹ̀. Mo ní kó mú ọ̀rá náà lórí àti nídìí, kó rọra fà á. Bí àyè ṣe ń gba búrẹ́dì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan fara ti èkejì, etí kan rẹ̀ yọ sókè, ojú òkè rẹ̀ sì wá rí bí eyín ayùn. Ó wò ó títí, ó ní, “Òkè nìyẹn.” Òkè ni lóòótọ́. Ìsàlẹ̀ òkun kún fún irú rẹ̀, wọ́n tò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ebè àti poro oko, èyí tó ga nínú wọn sì lè tó ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan. Kò sí irú òkè tó pọ̀ tó wọn láyé.

Ibi tí ilẹ̀ ti ń yára ya, bíi ti ìlà-oòrùn Òkun Pàsífíìkì, tó ń ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ lọ́dún níbòmíràn, àpáta yíyọ́ ń dé déédéé, ẹ̀là ibẹ̀ kì í sì í tóbi. Ti Àtìláńtíìkì ń falẹ̀, ẹ̀là sì ráyè ṣiṣẹ́ débi pé àfonífojì tó jìn tó kìlómítà kan sí méjì wà lórí òkè náà fúnra rẹ̀. Marie Tharp, obìnrin onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé kan, ló kọ́kọ́ rí àfonífojì yìí, ní nǹkan bí ọdún 1952, nínú àwọn ìwọ̀n jíjìn omi tó ń fi ọwọ́ yà sórí pépà ní New York. Wọn kì í gba obìnrin sínú ọkọ̀ ìwádìí nígbà náà, Bruce Heezen tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò sì kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Mo rántí Tharp púpọ̀ lẹ́bàá ògiri yẹn, nítorí ohun tí mo ń fọwọ́ kàn, orí pépà nìkan ló ti rí i.

Nígbà mìíràn, ẹ̀là kan ṣoṣo kì í dáwọ́ dúró. Á máa yọ̀ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún, á sì fa àpáta tó yẹ kó wà lábẹ́ èèpo ilẹ̀ ayé jáde sójú ìsàlẹ̀ òkun. Bẹ́ẹ̀ ni òkè tí wọ́n ń pè ní Atlantis Massif ṣe wáyé nínú Àtìláńtíìkì. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti rí Lost City ní ọdún 2000, àwọn ọwọ̀n òkúta funfun tí omi gbígbóná mọ, tí èyí tó ga jù nínú wọn tó mítà 60. Èyí kò sí ní Íslándì, nítorí àpáta yíyọ́ ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Kí a tó kúrò ní Þingvellir, a dúró lórí afárá kékeré kan tó wà lókè ẹ̀là tí omi kún. Owó ẹyọ tí àwọn èèyàn ti sọ síbẹ̀ ń dán nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, omi náà sì mọ́ débi pé mo rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1789, ìmìtìtì ilẹ̀ wáyé léraléra níbí, ilẹ̀ àfonífojì rì ju mítà kan lọ, adágún omi tó wà níbẹ̀ sì bo apá kan ilẹ̀ etí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí Reykjanes, níbi tí òkè àárín òkun ti gun orí ilẹ̀ wá. Ìlú Grindavík kò jìnnà síbẹ̀. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2023, àpáta yíyọ́ ya wọ abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ojú títì là, apá kan ìlú rì, wọ́n sì kó gbogbo ará ibẹ̀, nǹkan bí 3,800 èèyàn, kúrò lóru.

Atẹ́gùn ń fẹ́ wa gan-an létí òkun. Àbúrò mi ṣí máàpù lórí fóònù, ó ń fi ìka tọ òkè náà lọ sí gúúsù. Nígbà tó dé ìtòsí agbedeméjì ayé, òkè náà gé, ó sì yà sí ìlà-oòrùn ní nǹkan bí kìlómítà 900. Romanche ni wọ́n ń pe ẹ̀là tó gé e níbẹ̀. Àpáta kì í jábọ́ ní tirẹ̀, ńṣe ni abala méjèèjì ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá. Gúúsù rẹ̀ ni ẹ̀là mìíràn wà, Chain, tí àpá rẹ̀ kò parí sí àárín òkun: àwọn onímọ̀ ti tọpa rẹ̀ dé abẹ́ omi etíkun Nàìjíríà, níbi tí ẹrẹ̀ tí Odò Ọya ń kó wá ti bò ó mọ́lẹ̀. Ó fi ìka tẹ ibẹ̀, kò sì gbé e kúrò. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òkun tiwa nìyí?” Mo ní, “Òun náà ni.”