Mo Kọ́ Bí A Ṣe Ń Kí Ara Ẹni Kú Iṣẹ́

Ọwọ́ òsì mi ló kọ́kọ́ là mí lójú. Ọrùn ọwọ́ náà rọ́, wọ́n fi báńdéèjì dì í, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fi ṣe ohunkóhun fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé, ọ̀tún ni mo fi ń jẹun, ọ̀tún ni mo fi ń ṣílẹ̀kùn. Ní ojú tèmi, òsì kàn ń bá wa rìn ni.

Ilẹ̀ mọ́, mo fẹ́ ṣí ìgò omi. Ọ̀tún ń yí ọmọrí, ìgò náà ń bá a yí. Mo fẹ́ kọ̀wé, bébà ń sá kiri lórí tábìlì. Bọ́tìnnì, síìpù, okùn bàtà, ọṣẹ ìfọyín tí a ń fún sórí búrọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn ló ń wá ẹni tó máa bá wọn di òdìkejì mú. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti ọwọ́ ọ̀tún fúnra rẹ̀: kò sí ẹni tó máa wẹ̀ ẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́, èrò mi sì ni pé àjọṣe àárín ènìyàn nìkan ni wọ́n ń wí. Mo dúró nídìí omi lọ́jọ́ náà, mò ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún ra ọṣẹ, ọwọ́ òsì mi wá ń ṣe mí láàánú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó di nǹkan mú kí ọ̀tún lè gbayì, ẹni tó bá sì ń wo iṣẹ́ náà kì í rí i. (Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ọwọ́ òsì, ọ̀tún yín ni mò ń bá wí.)

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lára mi. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá a, pàápàá ẹ̀yin tó jẹ́ pé bí ẹ bá ronú kan ara yín, ibi tó ń dùn yín tàbí ibi tí ẹ kò fẹ́ràn nìkan ló ń wá sọ́kàn yín: ikùn tó yọ, imú tó fẹ̀, irun tó ń já.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹsẹ̀. Egungun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, láti ìsàlẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀ dé ṣóńṣó ìka. Méjèèjì di 52, nínú 206 tó wà ní gbogbo ara àgbàlagbà. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ! Ìdí tí wọ́n fi pọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé iṣẹ́ méjì tó ta kora ni ẹsẹ̀ ń ṣe nínú ìgbésẹ̀ kan. Nígbà tó bá ń kan ilẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rọ̀, kí ó lè gba ìrísí ilẹ̀ náà. Nígbà tó bá sì ń kúrò nílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ le, kí ó lè ti gbogbo ara síwájú. Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ rìn díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá. Gìgísẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀, ìwúwo yín yóò gba ẹ̀gbẹ́ ìta kọjá, yóò yí wá síwájú, àtàǹpàkò ni yóò sì tì yín kẹ́yìn. Láti ìgbà tí ẹ ti ń tẹ̀ẹ̀tẹ́ ló ti ń ṣe é.

Ìyá mi ló jẹ́ kí n pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ, nọ́ọ̀sì sì sọ fún wọn pé kí wọ́n máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ-ìka wọn wò lójoojúmọ́. Ṣúgà tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lè ba àwọn iṣan tó ń jẹ́ kí a mọ nǹkan lára jẹ́, débi tí ènìyàn lè tẹ ìṣó tí kò ní mọ̀, tí egbò náà yóò sì máa jinlẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Ojú ìyá mi kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà èmi ni mò ń bá wọn wò ó. Màá jókòó sílẹ̀, màá gbé ẹsẹ̀ wọn lé itan mi, màá fi ìka kan ibì kan, màá ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ mọ èyí lára?” Nígbà míì, wọ́n á dáhùn pé, “Ìgbà wo lo fọwọ́ kàn mí?”

Ìdáhùn yẹn yí ojú tí mo fi ń wo ìrora padà pátápátá. Ọ̀tá ni mo ti ń kà á sí. Àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n bí láìmọ ìrora rárá, ayé wọn kò sì rọrùn: láti kékeré ni wọ́n ti ń gé ahọ́n ara wọn jẹ, tí iná ń jó wọn láìmọ̀. Ẹ tún wo ìnira kékeré tó ń mú wa yí ìjókòó padà, tó ń mú wa yí ẹ̀gbẹ́ padà lójú oorun. Bí kò bá sí i, ojú kan náà ni a ó máa tẹ̀ títí awọ ara yóò fi di egbò. Awọ ara ń ṣọ́ wa, àní nígbà tí a bá sùn. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa fara da ìrora o. Ọpẹ́ ìrora ni pé kí a gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an. Bí kò bá lọ, ẹ wá dókítà lọ.

Àwọn ti inú, nọ́ńbà ló jẹ́ kí n mọ rírì wọn. Kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ nǹkan bíi lítà 180 omi láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́, wọ́n ń dá èyí tó pọ̀ jù padà, lítà kan sí méjì péré ló ń jáde bí ìtọ̀. Ọkàn ń lù tó ìgbà 100,000 láàárín òru àti ọ̀sán kan. Ìpéǹpéjú ń fi omi nu ẹyinjú wa nígbàkígbà tí a bá ṣẹ́jú, àfi tí a bá tẹjú mọ́ fóònù ni a kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ, ojú á sì máa gbẹ.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní ọpẹ́ tí mi ò fara mọ́: “Wo ẹni tí kò lẹ́sẹ̀, kí ìwọ tó ní máa dúpẹ́.” Wọn ò dá ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ láti fi kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní ara tirẹ̀, ara náà sì ń ṣiṣẹ́ takuntakun: èjìká tó ń ti kẹ̀kẹ́, àtẹ́lẹwọ́ tó ti yi. Bí ara yín kò bá sì dá ṣáṣá lásìkò yìí, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ ọpẹ́ di pàṣán fún yín. Ẹ wá èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, bó ti wù kó kéré mọ.

Wọ́n tún máa ń ní kí a dúró níwájú dígí, kí a sọ fún ara wa pé a rẹwà. Bó bá ń ràn yín lọ́wọ́, ẹ má dáwọ́ dúró. Ní tèmi, kò wọlé. Ìrísí ni dígí ń fi hàn, kì í fi iṣẹ́ hàn, ìrísí gan-an ni èmi àti ara mi sì ti ń jà lé lórí. Ìgbà tí mo mọ iṣẹ́ tí ẹ̀yà kan ń ṣe ni ẹnu mi tó gbà láti dúpẹ́.

Ẹ̀yà kan ni mo máa ń mú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má mú gbogbo ara pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kàn máa ṣọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́ ni. Lálẹ́, ẹ kí i bí a ṣe ń kí òṣìṣẹ́, kí ẹ sì dárúkọ ohun tó ṣe: “Orúnkún, o kú iṣẹ́, o kú àtẹ̀gùn.” “Ẹ̀yìn, o kú ìjókòó òní.” Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, ní ti ara, ọpẹ́ ẹnu nìkan kò sì tó, ọwọ́ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ẹ fi ìpara ra gìgísẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àárín ọmọ-ìka gbẹ, nítorí ibi tó bá tutù ni àrùn awọ ara ń fẹ́. Ẹ gbé ojú kúrò lára fóònù látìgbàdégbà, kí ẹ wo ọ̀nà jíjìn. Ẹ dìde kúrò lórí àga kí ẹ̀yìn tó bẹ̀ yín.

Àwọn kan wà tí kì í ṣe ẹran ara, àwọn wọ̀nyí ló sì ṣòro jù láti rí fúnra ẹni. Mo bi ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ kan léèrè pé, “Kí lo rí lára mi tó o rò pé èmi ò rí?” Ó rò ó, ó ní, “O kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi. Tí mo bá ń sunkún, o máa ń jẹ́ kí n sun ún tán.” Ẹnu yà mí, torí pé ní gbogbo ìgbà tó ń wí yẹn, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé mi ò mọ ohun tí ó yẹ kí n sọ. Ẹ bi ẹnìkan tí kì í pọ́n yín. Bó bá ti dáhùn, ẹ má bá a jiyàn, ẹ ní “o ṣé”, kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé.

Etí ni mo wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí pé ó ń gbọ́ràn, omi kan wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún tó ń sọ fún ọpọlọ bóyá a dúró ṣánṣán tàbí a ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí a ṣubú nínú òkùnkùn. Mo ti dín ariwo orin kù, mo sì ti kó àwọn igi olówùú kúrò ní báluwẹ̀, nítorí etí mọ bí ó ṣe ń ti ìdọ̀tí rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀.