Àyẹ̀wò Ọdún Mi: Opó Tó Ra Tánkì Ogun

Ẹ kú ìparí ọdún, ẹ̀yin èèyàn mi. Tí mo bá ní kí n ka gbogbo ohun tí ojú mi rí lọ́dún yìí, ilẹ̀ á ṣú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan tó bá mi lò ó já, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú láti 1944.

Mariya Oktyabrskaya lorúkọ rẹ̀. Ọ̀gá ológun Sófíẹ́tì, ìyẹn Rọ́ṣíà àtàwọn ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ni ọkọ rẹ̀. Àwọn ará Jámánì pa á nítòsí Kyiv lọ́dún 1941. Ìyàwó ti sá fógun dé Tomsk, ní Siberia lọ́hùn-ún, kí ìròyìn náà tó bá a. Ló bá ta ẹrù ilé, ó ń ránṣọ tà, títí tó fi kó 50,000 owó rúbù jọ. Ó kọ̀wé sí Stalin, olórí Sófíẹ́tì: kí wọ́n fi ra tánkì ogun, kí wọ́n kọ "Ọ̀rẹ́ Ojú Ogun" sí i lára, kí òun fúnra òun sì wà á. Stalin gbà!

Wọ́n kọ́ ọ ní wíwà àti àtúnṣe rẹ̀ ní Omsk. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ológun tánkì tó máa bá jà, àwọn kan fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ní October 1943 ló kọ́kọ́ jà. Ọta ba ẹ̀wọ̀n irin tí tánkì fi ń rìn jẹ́, ó bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìbọn, ó tún un ṣe.

Àtúnṣe yẹn ni mo máa ń rò. Ọdún yìí ni mo gba ẹ̀rọ ìlọta tí bàbá àwọn ọmọ mi fi sílẹ̀. Wọ́n ní kí n tà á, pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Mo kọ̀. Girísì ò kúrò léèékánná mi mọ́, mo sì ń pààrọ̀ bẹ́líìtì fúnra mi. Oníbàárà á dé, á ní, "Ìyá, ẹni tó ń lọ̀ ọ́ dà?" Màá ní kó gbé ata wá.

Ti ẹ̀san ikú ọkọ tí Mariya ń gbà ní tiẹ̀ ò bá mi lára mu o; mo ní ọmọ láti tọ́.

Ní January 1944, nítòsí Vitebsk, ẹ̀wọ̀n irin tún bàjẹ́, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Àfọ́kù ọta bà á lórí. Kò mọ nǹkan kan mọ́ títí tó fi kú ní Smolensk ní March. August ni wọ́n tó fi í joyè Akọni Sófíẹ́tì, obìnrin awatánkì àkọ́kọ́ tó jẹ ẹ́.

Lọ́dún tuntun, mo fẹ́ san gbèsè ẹ́ńjìnnì tó kù, kí n sì ka ìtàn Lyudmila Pavlichenko, ayìnbọn tí wọ́n ní ó pa ọmọ ogun 309. Ẹni tó bá ti kà á, kó má sọ ìparí rẹ̀ fún mi o.