Ẹ ka ẹlẹ́kítírọ̀nù kí ẹ tó ya mọ́líkù

Nílùú Àkúrẹ́ níbí, bí ìdánwò WAEC bá ti ń kan ilẹ̀kùn, àṣìṣe kan náà ló máa ń kún inú ìwé àwọn ọmọ: wọ́n á ya mọ́líkù omi, ìyẹn àwọn átọ̀mù tó so pọ̀ di omi, kó nà gbọọrọ. Wọ́n rí H-O-H (háídírójìn, ọ́síjìn, háídírójìn), wọ́n ka átọ̀mù, wọn ò ka ẹlẹ́kítírọ̀nù.

Ẹlẹ́kítírọ̀nù òde átọ̀mù àárín máa ń dì ní méjì-méjì, àwọn ìdì yìí kì í sì í fẹ́ súnmọ́ ara wọn. Bí wọ́n ṣe sá fún ara wọn ló ń fún mọ́líkù ní ìrísí. Gillespie àti Nyholm, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì, ló to òfin rẹ̀ jọ lọ́dún 1957.

Ẹ mú ọ́síjìn inú omi. Ó ní 6 lóde, háídírójìn méjì mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan wá, ó di 8: ìdì mẹ́rin. Méjì di háídírójìn mú, méjì dá wà. Bí iná rere (àmì +) bá wà lórí mọ́líkù, bíi ti àmóníọ̀mù, ẹ yọ ẹyọ kan: 5 ti náítírójìn pẹ̀lú 4 ti háídírójìn mẹ́rin jẹ́ 9, ó ku 8. Ẹni tó bá gbàgbé á ní ìdì mẹ́rin àtààbọ̀, kò sì sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Fún àwọn ọmọ, bàlúùnù ọjà Ọba tó. Ẹ fẹ́ mẹ́rin kí wọ́n dọ́gba, ẹ má fẹ́ wọn kún, torí ibi tí a ti ń lọ́ ọ ló ti máa ń bẹ́. Ẹ so ẹnu wọn pọ̀ ní méjì-méjì, ẹ lọ́ ìso méjèèjì mọ́ra. Ẹ má tò ó rárá. Yóò to ara rẹ̀ sí ìrísí météènì (káríbọ́ọ̀nù kan àti háídírójìn mẹ́rin), tí igun àárín ìdì méjì jẹ́ 109.5 dígírì. Ẹ wá fi èyí tó tóbi jù rọ́pò ọ̀kan: mẹ́ta yòókù á fún pọ̀. Bí ìdì tó dá wà ṣe ń ṣe nìyẹn. Átọ̀mù kan péré ló dì í mú, nítorí náà ó fẹ̀, ó sì ń ti àwọn yòókù. Àmóníà tó ní ọ̀kan wálẹ̀ sí 107, omi tó ní méjì wálẹ̀ sí 104.5.

Káríbọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì nà gbọọrọ ní tòótọ́, 180. Ìso onílọ̀ọ́po méjì, níbi tí ìdì méjì ti so átọ̀mù méjì pọ̀, ló wà níbẹ̀, ibì kan ṣoṣo la sì ń ka irú ìso bẹ́ẹ̀ sí; ibi méjì péré ló wá ń sá fún ara wọn.

Òfin yìí ń sọ ìrísí, kì í sọ iye dígírì gan-an. Háídírójìn sọ́fáìdì ní ìdì mẹ́rin bí omi, síbẹ̀ nǹkan bí 92 ni tiẹ̀. Nítorí náà kí ọmọ kọ pé ó tẹ̀, kó má méfò 104.5.