Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ ń kọ driver kámẹ́rà, EINVAL nìkan kọ́ ló wà o

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ driver (kóòdù tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) fún kámẹ́rà àtàwọn nǹkan fídíò lórí Linux, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ, torí mo ń rí i lemọ́lemọ́ nínú iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń gbé wá pé kí n bá yín yẹ̀ wò. Gbogbo nǹkan tó bá ti dojú rú, EINVAL, ìyẹn error code tó ń sọ pé ohun tí wọ́n béèrè ò dáa, lẹ máa ń kọ síbẹ̀. Nọ́ńbà tí app fi ránṣẹ́ ò dáa, EINVAL. Wáyà ti yọ, EINVAL. Ẹlòmíì ló ń lo kámẹ́rà náà lọ́wọ́, EINVAL náà ni. Mi ò ní kóòdù yín ò ṣiṣẹ́ o, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó máa kọ app lé e lórí ò ní mọ ọ̀nà tó máa gbà, àwọn tó sì máa lo app yẹn ni ìyà ẹ̀ máa jẹ.

Ohun tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi ni pé ìdáhùn ni error code. Ẹnì kan béèrè nǹkan lọ́wọ́ driver, driver ní òun ò lè ṣe é, nǹkan tó kù tí onítọ̀hún fẹ́ mọ̀ ò ju pé kí lòun máa wá ṣe báyìí: ṣé kóun dúró díẹ̀ ni, ṣé kóun yí ohun tóun béèrè padà, ṣé kóun sọ fún èèyàn pé kó lọ wo wáyà, àbí kóun palẹ̀ mọ́ kóun jáde. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó tẹ `return -` yẹn, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí lẹ fẹ́ kí app ṣe tó bá rí i. Tí nǹkan méjì bá fẹ́ kí app ṣe ohun méjì tó yàtọ̀, kóòdù wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Tó bá sì jẹ́ ohun kan náà ni app máa ṣe, ẹ má wá kóòdù tuntun kiri, ẹ lo èyí táwọn driver yòókù ń lò.

Ẹ jẹ́ ká mú ENUM_FMT, ioctl (ìbéèrè tí app fi ń bá driver sọ̀rọ̀) tó ń to àwọn format, ìyẹn irú àwòrán, torí ibẹ̀ ló ti hàn kedere jù. App fẹ́ mọ irú àwòrán tí kámẹ́rà lè gbé jáde, ó bẹ̀rẹ̀ láti index 0, driver ní YUYV wà. Ó béèrè index 1, driver ní MJPEG wà. Ó béèrè index 2, driver dá EINVAL padà. Níbí yìí nǹkan kan ò bàjẹ́ rárá, EINVAL yẹn ń sọ pé ó ti tán, app á kúrò nínú loop, á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Wàyí o, ẹ wo driver kan tó jẹ́ pé dípò kó sọ pé ó tán, format tó kẹ́yìn ló tún ń kọ sínú struct (ibi tí app ní kí driver kọ ìdáhùn sí) tó sì ń dá òdo padà, ìyẹn "ó yọrí", app yẹn á máa ka 2, 3, 4 lọ ni, kò ní dúró, ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà á rò pé ó ti hang. Tàbí èyí tó jẹ́ pé ó lọ fọwọ́ kan hardware tó ti sùn kó tó dáhùn, ló bá dá EIO (àṣìṣe nínú bíbá hardware sọ̀rọ̀) padà, app á gbà pé kámẹ́rà ti kú, bẹ́ẹ̀ format méjì tó wà nílẹ̀ ò ṣe nǹkan kan.

Tí driver yín ò bá wá ní ioctl yẹn rárá ńkọ́? ENOTTY nìyẹn. Nígbà kan EINVAL ni wọ́n ń lò fún ìyẹn náà nínú V4L2 (ètò tí Linux fi ń bójú tó fídíò), app ò lè mọ̀ bóyá òun ló béèrè ohun tí ò dáa ni àbí driver ni ò mọ ìbéèrè yẹn rí, ọdún 2011 ni wọ́n tó yí i padà sí ENOTTY, nínú Linux 3.1. Ẹ má ṣe jẹ́ ká tún padà síbẹ̀. ENOTTY, "mi ò mọ ìbéèrè yìí rí, má bi mí mọ́." EINVAL, "mo mọ̀ ọ́n, ohun tó o kọ sínú ẹ̀ ni ò dáa." Ẹ má fi ENOSYS rọ́pò ENOTTY o, ti system call (ìbéèrè tí app ń bi kernel, àárín gbùngbùn Linux) tí ò sí nìyẹn. Ẹ má sì lo ENOTSUPP, 524 ni nọ́ńbà ẹ̀, inú kernel nìkan ló wà, tó bá jáde dé ọ̀dọ̀ app, "Unknown error 524" ni èèyàn máa rí, kí lẹ wá fẹ́ kó fìyẹn ṣe?

S_FMT, èyí tí app fi ń yan format, tún yàtọ̀, ọ̀pọ̀ yín lẹ sì ń ṣì í. Tí app bá béèrè 1920x1080 tó jẹ́ pé 1280x720 ni sensor yín (ẹ̀yà kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀) mọ, ẹ má lé e padà, ẹ kọ 1280x720 sínú struct yẹn kẹ́ ẹ sì dá òdo padà, app á rí ohun tẹ́ ẹ fún un, òun ló máa pinnu bóyá ó tẹ́ òun lọ́rùn. EINVAL wà fún irú buffer (ibi ìpamọ́ tí àwòrán ń wọ̀) tẹ́ ẹ ò ní. EBUSY wà fún ìgbà tí wọ́n ti ya buffer sílẹ̀, tí èèyàn ò lè yí format mọ́. Ó tán.

Níbi tí ọkàn mi ti ń dùn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti HDMI, QUERY_DV_TIMINGS, tí app fi ń béèrè irú signal tó ń wọlé. Àwọn tó ṣètò ẹ̀ ronú gan-an ni. Ẹ wo ẹnì kan tó ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà tí àwòrán ò jáde. Tí kò bá sí signal rárá, ENOLINK ni driver máa dá padà, app lè sọ fún un pé kó wo wáyà ẹ̀, bóyá kò wọlé dáadáa. Tí signal bá wà ṣùgbọ́n tí hardware ò rí i dì mú, ENOLCK ni, app á dúró díẹ̀ kó tún béèrè. Tí signal bá wà tó sì dúró ṣinṣin, àmọ́ tó ju agbára hardware lọ, ERANGE ni, app á ní kó lọ dín resolution kù níbi tí àwòrán ti ń wá. Tó bá sì jẹ́ pé input tó yàn yẹn ò tiẹ̀ lè ka timings (ìwọ̀n signal náà), ENODATA. Ìdáhùn mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tí èèyàn máa fi ṣe. Tẹ́ ẹ bá wá da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sí EIO, ohun tí app lè sọ ò ju "àṣìṣe wà" lọ, ẹni yẹn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra wáyà tuntun nígbà tó jẹ́ pé resolution ló yẹ kó yí.

EAGAIN àti EBUSY náà, ẹ má pa wọ́n pọ̀. EAGAIN ní DQBUF (ibi tí app ti ń gba buffer tó ti kún) túmọ̀ sí pé frame (àwòrán kan nínú fídíò) ò tíì dé, app á lọ dúró sí poll (ibi tí wọ́n ti ń dúró de frame), á padà wá. EBUSY, ẹlòmíì ló dì í mú, poll ò ràn án. Tí wọ́n bá fa kámẹ́rà USB yọ nígbà tó ń ya fídíò lọ́wọ́, ENODEV (ẹ̀rọ ò sí mọ́), kí app ti file kó jáde. Mo ti rí driver tó ń dá EIO padà níbẹ̀, app tó wà lórí ẹ̀ sì ti kọ́ láti máa gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i tó bá rí EIO, torí EIO lè jẹ́ ohun tó máa lọ fúnra ẹ̀, bó ṣe ń yí lórí kámẹ́rà tí ò sí mọ́ nìyẹn, CPU ń gbóná. Tó bá jẹ́ frame kan ṣoṣo ló bàjẹ́ tí iṣẹ́ ṣì ń lọ, ẹ dá buffer yẹn padà pẹ̀lú àmì V4L2_BUF_FLAG_ERROR, kí DQBUF fúnra ẹ̀ dá òdo padà.

Ó ku èyí tó máa ń fara pamọ́. Tẹ́ ẹ bá fi v4l2_subdev_call (ọ̀nà tí driver fi ń pe ẹ̀yà míì) pe sensor tí sensor náà ò sì ní iṣẹ́ tẹ́ ẹ pè, -ENOIOCTLCMD ló máa fún yín. Tẹ́ ẹ bá kàn kọ `return ret`, core (apá V4L2 tó wà láàárín driver àti app) á yí i sí ENOTTY kó tó dé ọ̀dọ̀ app, app á gbà pé driver yín ò ní ioctl yẹn rárá, bẹ́ẹ̀ ẹ ní in, nǹkan kékeré kan tí ò pọn dandan ni sensor ò ṣe. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Tí iṣẹ́ yẹn ò bá pọn dandan, ẹ gbójú fò ó kẹ́ ẹ máa lọ. Ohun tí i2c (wáyà tí sensor fi ń bá driver sọ̀rọ̀) bá fi ránṣẹ́ sókè náà, ẹ má kàn gbé e jù sí app lójú bẹ́ẹ̀, app ò mọ̀ pé i2c wà. Àmọ́ nínú probe (ìgbà tí kernel ń bẹ̀rẹ̀ driver yín), ẹ jẹ́ kí EPROBE_DEFER ("ẹ tún mi pè nígbà míì") kọjá bó ṣe wà, kernel ló ń retí ẹ̀.

Ìdí tí mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn pé kẹ́ ẹ yàn án dáadáa látìbẹ̀rẹ̀ ni pé ẹyin lohùn, tó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lóṣù December 2012, wọ́n tún uvcvideo (driver kámẹ́rà USB) ṣe, ibi tó ti máa ń dá EINVAL padà tẹ́lẹ̀ wá ń dá ENOENT padà, àwọn prógíráàmù kan tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ bàjẹ́. Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, bínú gidi, ó ní ENOENT ò sí lára ohun tí ioctl máa ń dá padà, pé ọ̀rọ̀ fáìlì tí ò sí nìyẹn, àti pé kernel ò gbọ́dọ̀ ba prógíráàmù oníprógíráàmù jẹ́. Mo mọ̀ pé èrò rere lẹni tó ń tún nǹkan ṣe máa ń ní, ṣùgbọ́n app kan ti ń wo EINVAL yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ti yí.

Nítorí náà kẹ́ ẹ tó gbé iṣẹ́ wá fún mi, ẹ ka ojú ìwé ioctl yẹn nínú docs V4L2, pàápàá ibi tí wọ́n to error code sí nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wo ohun tí driver méjì mẹ́ta míì dá padà níbi kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ṣe `v4l2-compliance -d /dev/video0 -s`, irinṣẹ́ tó ń yẹ driver wò. Tẹ́ ẹ bá rí "OK (Not Supported)" lára ioctl tẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ kọ, ẹ má jẹ́ kí OK yẹn tàn yín, ENOTTY ló jáde láti ibì kan, ẹ lọ wá a. Kẹ́ ẹ sì fa wáyà yọ níbi tí fídíò ti ń lọ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ kọ ohun tí DQBUF sọ sínú patch tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́.