Bí Opó Bá Tún Lọ́kọ, Ẹ Má Fi Orúkọ Olóògbé Pamọ́

Ẹ̀yin opó tó fẹ́ tún lọ́kọ, àti ẹ̀yin ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ wọn, ẹ gbọ́ tèmi, èmi opó tó tún lọ́kọ. Róòmù 7:2 sọ pé bí ọkọ bá kú, obìnrin ti bọ́ lábẹ́ òfin ọkọ náà. Àwọn Mùsùlùmí náà ní bí oṣù 4 àti ọjọ́ 10 bá pé, opó lè lọ́kọ. Ṣùgbọ́n owú kì í wo ìwé.

Ọ̀rọ̀ àkúdàáyà ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọkọ mi. Ẹnìkan sọ fún un pé wọ́n rí bàbá àwọn ọmọ mi tó ti kú ní ọjà ìlú kan tó jìnnà, pé ó ti níyàwó níbẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé á lọ máa gbé níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, bí ojúlùmọ̀ bá rí i, á pòórá. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ní mo ń rìnrìn àjò, ọ̀rọ̀ dé. Bí mo bá sọ̀rọ̀ lójú oorun, a ò ní sùn mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló bi í pé, “Kí ló ń dùn ọ́ gan-an?” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Dàmọ́lá ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyàwó mi. Ọmọ ọkùnrin yẹn ni Dàmọ́lá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè é sí mi létí.” Àánú rẹ̀ ṣe mí. Kì í ṣe òkú ló ń bá jà. Ó ń wá àyè tirẹ̀ nínú ilé.

Ó wá ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, oríkì tí ẹnikẹ́ni kò fi pè mí mọ́ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. A gbé fọ́tò olóògbé kúrò ní pálọ̀ lọ sí yàrá àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun fọ́tò, ẹ má sì yí orúkọ bàbá ọmọ padà nílé ìwé. Bí mo bá lá àlá olóògbé, mo ń sọ ọ́ fún ọkọ mi bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu oorun. Nígbà tí ìrántí ọdún ikú rẹ̀ tún dé, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló kó àwọn ọmọ lọ sí ilé bàbá wọn.

Ẹni tó bá sì gbé ìròyìn àkúdàáyà wá, ẹ ní kó wá jókòó, kó sọ ọ́ níwájú ẹ̀yin méjèèjì. A ránṣẹ́ pe tiwa. Kò wá.