Bó bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Ìṣọ́ òru àná ṣì wà lára mi. Nígbà tí àdúrà kan ojú Màámi (glaucoma, àìsàn ojú tó ń jí ìríran gbé díẹ̀díẹ̀, ló ń bá a jà), olùdarí gbé ohùn sókè: "A kọ̀ ọ́! Kò ní ṣẹlẹ̀!" À ń ṣe "Àmín" bí ẹni fẹ́ wó òrùlé. Màámi tó dúró tì mí kò ṣe àmín. Ohun tó sọ jẹ́jẹ́ ni pé, "Bó bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?"

Lónìí, mo dé Ọjà Ọba, ata wọ́n, òjò ká mi mọ́ Arákalẹ̀. Iná ò sí.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́. Ṣé àìnígbàgbọ́ nìyẹn? A kì í fẹnu ara ẹni pe ibi, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, Màámi gan-an ló sì tọ́ mi. Ṣùgbọ́n glaucoma ò gbọ́ èèwọ̀. Dókítà ò fi bò: èyí tó ti lọ nínú ìríran kò ní padà. Oògùn tí à ń kán sí i ń dín ìfúnpá inú ẹyinjú kù ni, kí èyí tó kù má tètè tẹ̀lé e.

Mo ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 21. Wòlíì Ágábù fi àmùrè Pọ́ọ̀lù de ara rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, ó ní báyìí ni wọn yóò ṣe de ẹni tó ni ín ní Jerúsálẹ́mù. Ká ní Àkúrẹ́ níbí ni, a ti kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje kó tó tú àmùrè náà tán. Àwọn ará Kesaréà náà sunkún, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Pọ́ọ̀lù ò sọ pé irọ́ ni Ágábù pa. Ó lọ. Wọ́n sì dè é.

Àmọ́ Jésù fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí ago náà ré òun kọjá. Àdúrà àná ò burú nígbà náà. Àbí...

Mo ti máa ń rò pé ó sàn kéèyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀, pàápàá látìgbà tí wọ́n ti pa àwọn olùjọsìn ní ìjọ Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, ọdún 2022. Wọn ò rí i tẹ́lẹ̀ rárá. Lónìí kò dá mi lójú mọ́. Ẹni tó mọ̀ ti ń jẹ ìyà rẹ̀ sílẹ̀.

Láàárọ̀ mo bá Màámi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di ojú méjèèjì, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ ògiri lọ sí ilé ìdáná. Ó yà fún àga tí mo gbàgbé sójú ọ̀nà, ó na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì bọ́ sórí ike iyọ̀ gẹ́lẹ́.

"Mò ń kọ́ ọ̀nà inú ilé," ló wí.

Inú bí mi. "Ẹ lajú, Màámi! Ẹ ṣì ń ríran!"

"Ìgbà tí mo ṣì ń ríran náà ló yẹ kí n kọ́ ọ."

Ó wá ń kọ orin ìsìn lọ, ó ń rẹ ẹ̀wà.

Dókítà ní kí àwa ọmọ náà lọ yẹ ojú wò, torí ó máa ń tọ ìdílé. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Oǹdó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Kò sí irú ẹ̀ nínú ìdílé tiwa, lórúkọ Jésù!" Màámi gbọ́ ọ. Ó ní, "Ta ló wá bí i?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, oògùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sí i bá a lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, oògùn olówó gọbọi!

Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ yẹ tèmi wò. Màámi ní òun á sìn mí lọ. Mo ní kó jókòó sílé, ẹ̀ẹ̀kan náà ló bi mí pé aago mélòó la máa jáde.